Fìlà Mi àti Àkànní, Ẹṣin Ọba

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí pé n ó jókòó sójú kan sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò lè jókòó. Láti àárọ̀ ni mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta lórí àga yìí, mo lọ wo ẹ̀yìnkùlé, mo padà wá, kò sì sí ohun tí mo ń wá níbẹ̀. Ìyá Délé, aya mi, ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń béèrè irú iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n kọ́. Ó ní bóyá bí ọwọ́ bá ń kọ̀wé, ẹsẹ̀ á sinmi. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹṣin ni mo fi ohun tó ju ogójì ọdún lọ tọ́jú, tí mo kọ́, tí mo sì bá ṣeré, ní ààfin ìlú wa tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Iye tí wọ́n ń san fún mi kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ àgbẹ̀ àti alàgbà ìjọ, fẹ́ kí n di olùkọ́. Mo ti lo ọdún kan ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ara mi kò sì gbà á rárá. Mi ò lè wo pátákó dúdú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹsẹ̀ má bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Nígbà tí ayẹyẹ òmìnira dé, bàbá mi mú mi lọ sí Ìlọrin lọ wòran. Àwọn ẹlẹ́ṣin sáré wọ pápá, eruku sọ, gbogbo wa kígbe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ìjánu, gbogbo ẹṣin yẹn sì dúró gbọn-in. Eré sísá náà wù mí, àmọ́ ìdúró yẹn ló mú mi. Àwọn ẹran tí ara wọn ń gbọ̀n, tí itọ́ ń hó lẹ́nu wọn, dúró! Èmi tí mi ò lè dúró rí láyé mi, mo ní n ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi nígbà tí a délé. Ó wá ní, "Ọlájídé, ṣé imí ẹṣin lo fẹ́ máa gbá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn sí i fún ọdún púpọ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀ ní Ìlọrin ni Bàbá Sálíù. Èèyàn kúkúrú ni, ó gbẹ, kì í pariwo. Tó bá bínú, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ sí i, títí wàá fi ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o tó gbọ́ èébú tó ń bú ọ. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan gàárì. Mo gbá ilẹ̀, mo gé kòríko, mo fẹ́ ọkà bàbà. Bí ìrì bá wà lára kòríko, yóò ní kí n tún un sá. Mo sá a, ó fọwọ́ kàn án, ó ní kí n tún un sá.

Èyí tó le jù ni ìdúró. Bó bá ń lọ kírun ọ̀sán, yóò mú mi lọ síbi tí ẹṣin wà, yóò fi ọwọ́ mi lé ọrùn rẹ̀, yóò ní, "Dúró." Ó di ìgbà tó bá padà dé. Nígbà tó bá dé, kò ní wo ojú mi rárá. Ilẹ̀ ló máa ń wò. Iyanrìn ló dà síbẹ̀, bí pátákò ẹṣin bá ti kúrò lójú kan, yóò rí i.

Yóò ní, "Ọmọ Ìgbómìnà, ẹsẹ̀ ta ló kọ́kọ́ mì?"

Mo máa ń sọ pé ti ẹṣin ni. Ọjọ́ kan ló wá fi ọ̀pá tọ́ka sí ojú ẹsẹ̀ tèmi nínú iyanrìn, tí ti ẹṣin tẹ̀ lé. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé gbogbo ohun tó ń dà mí láàmú nínú ni ẹṣin ń gbọ́ láti ọwọ́ mi.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ṣe tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bó bá ń ṣiṣẹ́, fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò tú gàárì, yóò ṣí fìlà, yóò fi kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà. Ńṣe ló máa wá di ẹlòmíràn. Bàbá tó ti dàgbà tó yẹn á sáré, á sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ẹṣin á máa wá a kiri, á fi eyín fa bùbá rẹ̀, bàbá á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bó bá tún dé fìlà, ẹṣin á gbórí sókè, eré parí.

Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Bí o kò bá bá a ṣeré, iṣẹ́ á sú u, ẹ̀rù nìkan láá máa fi ṣe é. Bí kò bá sì mọ ìgbà tí eré parí, yóò ju ẹni tó gùn ún nù lọ́jọ́ kan. Wá àmì kan tí wàá fi sáàárín méjèèjì. Má sì ṣì í lò."

Ọdún márùn-ún ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Kábíyèsí ìlú wa ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ní ẹṣin tòun, kí òun yé yá ti ẹlòmíràn. Bàbá Sálíù bá mi yan ẹṣin pupa kan tí iwájú orí rẹ̀ funfun. Ọmọdé ni nígbà náà, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Kò sí kókó okùn tí kò lè fi eyín tú. Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àkànní, torí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ó ní ojú àwọn Àkànní tí òun mọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Ọba yẹn, akọ̀wé kóòtù ni kó tó jọba, ó sì máa ń fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu èèyàn.

Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni mo ṣe fún Àkànní láìyẹsẹ̀. Mo dé fìlà, iṣẹ́ dé. Mo ṣí fìlà, eré dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, fìlà mi wà lórí ìṣó, ilẹ̀ tútù, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì na gbalaja síwájú Àkànní bí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Ó tẹrí ba, ó ń gbóòórùn mi. Inú mi dùn, mo fún un ní ẹ̀pà. Lọ́jọ́ kejì, mo mọ̀ọ́mọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un. Kó tó pé oṣù méjì, bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀, Àkànní náà á tẹ orúnkún ọ̀tún sílẹ̀, á dá ìkíni mi padà, á sì gba ẹ̀pà rẹ̀. Àwọn olorì á máa jáde wá wòran. Wọ́n ní ọmọ tiwọn ò mọ̀ ọ́n kí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ya aláìbìkítà. Mo dán an wò. Bí mo bá dé fìlà, mo lè dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, yóò kàn máa wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí ni. Mo fi í yangàn fún gbogbo èèyàn. Mo ní ẹṣin mi mọ iṣẹ́, ó sì mọ eré.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Kábíyèsí gùn ún lẹ́yìn ààfin fún ìdánrawò, àwa mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, òun, èmi àti ẹṣin. Mo rí i pé etí Àkànní ń yí síwá sẹ́yìn, ó sì ń fẹnu wá àpò mi. Mo ní inú rẹ̀ ló dùn pé Ọba ń gùn ún. Mo kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, ìlú wa ní àwọn náà á ṣe ayẹyẹ. Kábíyèsí á gun Àkànní láti ààfin dé pápá ilé ìwé, gbogbo ìlú á sì wá júbà níbẹ̀. Mo fi epo pa gàárì, mo nu àlùkẹ́mbù, irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Kábíyèsí yọ sí ẹnu ọ̀nà, àwa ọkùnrin ṣí fìlà, a kẹ̀yìn sí ẹṣin, a dojú bolẹ̀, mo ràn án lọ́wọ́ gun ẹṣin, mo di ìjánu mú, a gbéra. Lójú ọ̀nà, Àkànní ń ta jó, ó ń fẹnu tì mí léjìká. Àwọn èèyàn ń hó yèè. Ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó ń da ọkàn mi rú.

A dé pápá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú tò síwájú Ọba, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà lé ìlà. Àkànní wò wọ́n. Ó gbórí sókè, ó wò wọ́n dáadáa. Ó wá tẹ orúnkún ọ̀tún sílẹ̀.

Kábíyèsí yọ̀ gba ọrùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Adé bọ́, ó yí gbirigbiri nínú eruku. Obìnrin kan figbe ta. Àwọn ìjòyè sáré lọ fi agbádá bo Ọba. Apá rẹ̀ ti yẹ̀. Àkànní ní tiẹ̀ dìde, ó rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó ki ẹnu bọ àpò mi, ó ń wá ẹ̀pà rẹ̀.

Mo sunkún lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ náà, mi ò sì tijú láti kọ ọ́ síbí.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìjòyè pé jọ. Olórí wọn ní, "Ẹṣin tó wó Ọba lulẹ̀ lójú ìlú, ṣé òun náà lá tún máa bọ́?" Wọ́n ti ránṣẹ́ pe alápatà, ó ti dé, ó ti ń wo Àkànní láti orí dé ìrù. Kábíyèsí jókòó pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ so. Ó bi mí léèrè, "Ọlájídé, kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Kábíyèsí, mi ò mọ̀." Òótọ́ sì ni.

Ó ní, "N ó tún gùn ún lọ́jọ́ ọdún iṣu tuntun. Bó bá dúró, ó ti yọ. Bó bá tún tẹ orúnkún, kí alápatà máa mú un lọ, kí ìwọ náà wá ìlú mìíràn gbé."

Oṣù méjì àti díẹ̀ ló wà nílẹ̀. Mo fi òpin sí eré pátápátá. Láti ìdájí tí mo bá ti jí ni mo ti ń dé fìlà, mi ò ní ṣí i mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo kó ẹ̀pà kúrò. Mo bẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin kí wọ́n máa wá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi ti mú pàṣán dání. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, kò tẹ orúnkún. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹwàá, kò tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn gan-an ló fẹ́ yà mí ní wèrè. Bí kò bá ń ṣe é, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ́ ọ kó má ṣe é? Mi ò lè jẹun, mi ò lè jókòó, mo ń lọ mo ń bọ̀ nínú ọgbà. Àkànní náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó kọjú sí ògiri. Mo so kókó okùn tí kò lágbára síwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó.

Nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìlọrin. Bàbá Sálíù ló jáde wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un láti ilẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Kò ní kí n dìde.

Ó ní, "Fìlà rẹ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, bàbá."

"Kí ló dé tí o ṣí i?"

"Mo ń kí yín ni."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá. "Tó bá wá jẹ́ Ọba lò ń kí ńkọ́?"

Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀. Nínú ọgbà, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́, fìlà mi máa ń wà lórí mi. Níwájú Ọba nìkan ni kì í sí lórí mi, torí kò sí ọkùnrin kan tó ń dé fìlà níwájú Ọba ní ìlú wa. Lójú Àkànní, ìgbà tí Ọba bá dé ni eré bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú wá bá a ṣeré, òun náà sì dáhùn.

Bàbá Sálíù ní, "Mo ní kí o wá àmì kan. Ìwọ wá gbé tèmi lọ, èmi tí mi ò kọ́ ẹṣin fún ọba kankan rí."

Mo bi í bóyá mo lè yí àmì náà padà. Ó ní, "Ní ọjọ́ mọ́kànlá? Wàláhì, ẹṣin ò lè gbàgbé. Èèyàn ni kí o lọ bẹ̀. Sì dá eré rẹ̀ padà fún un. O ti jẹ ẹ́ níyà tó, kò sì mọ ohun tó ṣe."

Mo padà sílé. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó kí n wọlé tọ Kábíyèsí lọ láàárín àwọn ìjòyè rẹ̀, kí n sọ pé mo fẹ́ máa dé fìlà níwájú rẹ̀. Mo wí i. Ariwo sọ. Olórí ìjòyè dìde, ó ní kí wọ́n wọ́ mi síta. Kábíyèsí gbọ́wọ́ sókè.

Ó ní, "Nítorí pé o bọ̀wọ̀ fún mi ni mo ṣe ṣubú?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dé fìlà rẹ."

Fìlà bọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dúró lórí mi. Àwọn ìjòyè gbójú kúrò, bí ẹni pé mo bọ́ra sí ìhòòhò níwájú wọn.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ sínú ilé ẹṣin, mo fi fìlà kọ́ ìṣó, mo dọ̀bálẹ̀. Àkànní ò yíjú. Lọ́jọ́ kejì, mo tún ṣe é, kò yíjú. Ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ti ń dìde láti máa lọ nígbà tí mo gbọ́ èémí gbígbóná lọ́rùn mi. Ó ti tú okùn ara rẹ̀. Mo di ọrùn rẹ̀ mú, mo ní, "Àkànní, má bínú, má bínú sí mi." Láti ọjọ́ náà, bí a bá ṣiṣẹ́ tán láàárọ̀, a máa ń ṣeré títí oòrùn á fi mú.

Ọjọ́ ọdún iṣu dé. Gbogbo ọkùnrin ìlú wà láìdé fìlà, èmi nìkan ni fìlà wà lórí mi, tí mo sì di ìjánu ẹṣin Ọba mú. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lọ́nà pé orí Ọlájídé ti dàrú. Bàbá mi wà láàárín èrò. Nígbà tó rí mi, ó wolẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tò, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Etí Àkànní nà síwájú. Mo rí i tí awọ orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, bó ṣe máa ń gbọ̀n kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó yíjú wò mí. Ẹsẹ̀ mi ń yún mi, ó ń yún mi gidigidi, gbogbo ara mi fẹ́ sáré lọ gbé Ọba sọ̀ kalẹ̀. Mo rántí iyanrìn Ìlọrin. Mo fi ọwọ́ lé ọrùn rẹ̀, mo dúró. Àkànní wo fìlà mi. Awọ orúnkún rẹ̀ rọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó sì dúró títí ìlà tó kẹ́yìn fi dìde nílẹ̀.

Láti òkè ẹṣin, Kábíyèsí ní jẹ́jẹ́, "Ọlájídé, ẹsẹ̀ rẹ ò mì." Bàbá mi wá sílé mi lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú iṣu mẹ́ta. Kò sọ̀rọ̀ olùkọ́ mọ́.

Ohun tó kù yá. Ẹṣin mẹ́rin ni mo tún kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ tí mo ń so mọ́ ìdí ni mo sì fi ṣe àmì fún wọn. Èéfín la fi ń lé irù, eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, kí dókítà ẹran tó mú abẹ́rẹ́ dé. Okùn ọ̀rá gba ipò awọ. Ọba tó jẹ lẹ́yìn náà fẹ́ràn jíìpù. Ní báyìí, bí ọdún bá dé, wọ́n á fi ọkọ̀ kó ẹṣin wá láti Ìlọrin, ẹni tó mú un wá á máa tẹ fóònù nígbà tó di ìjánu mú. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n gba ìjánu yẹn.

Nígbà tí Àkànní darúgbó, mo ṣí fìlà níwájú rẹ̀, mi ò sì dé e mọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, mo dọ̀bálẹ̀, ó fẹ́ tẹ orúnkún, kò lè ṣe é mọ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo fún un ní ẹ̀pà rẹ̀. Ìdí igi igbá tó wà lẹ́yìn ààfin la sin ín sí.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá iṣẹ́, ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ẹ yan èyí tí ẹ lè bá ṣeré, kí ẹ sì mọ ìgbà tí eré parí. Èyí tí mi ò mọ̀ ni ìgbà tí iṣẹ́ parí. Mo kọ́ ẹṣin márùn-ún ní i, mi ò kọ́ ara mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, fìlà kì í kúrò lórí mi, mo fi ń jẹun, mo fi ń tòògbé, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ pè mí wá di ìjánu.

Nísinsìnyí tí mo ń kọ èyí, mo tún ti fẹ́ dìde. Ìyá Délé wọlé, ó gbé àwo ẹ̀pà yíyan kalẹ̀ síwájú mi. Ó na ọwọ́, ó ṣí fìlà lórí mi, ó fi kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Bàbá Délé, ó tó."

Mo wo fìlà náà lórí ìṣó. Ẹsẹ̀ mi mì lábẹ́ tábìlì, ó tún mì, ó wá dúró. Mo jẹ ẹ̀pà náà tán kí n tó dìde.